Ìbọn Ara Ògiri Gilbert

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí Gilbert Bọ́dúnrìn gbé kọ́ ara ògiri pálọ̀ rẹ̀ ní Pòróógun, ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe nítorí olè. Nítorí àlejò ni. Nígbà tí ó ń gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, olè ni ó ní òun fẹ́ fi lé. Wọ́n sì gbà á gbọ́, nítorí ẹni tí ó ti ṣe olùyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì mọ bí wọ́n ṣe ń bá òṣìṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n olè kì í gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé kó jókòó, kó máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àlejò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Gilbert fi ní kí káfíńtà yọ ìṣó méjèèjì tí ìbọn náà kọ́ lé, kó gbé wọn wá sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tó bá jókòó lè rí ìbọn láìgbé ọrùn sókè.

Ẹ sì lè máa rò ó bóyá ọta wà nínú rẹ̀. Ó wà.

Bí ọta ṣe débẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú, òkìkí kàn pé àwọn adigunjalè ń bọ̀ ní àdúgbò. Gilbert gbé ìbọn tọ Àlàájì Gbàdàmọ́sí lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ó ń ta irin àti sìmẹ́ńtì ní Òkè-Ajé, tí ó sì máa ń ṣọdẹ ní oko rẹ̀ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Àlàájì ló bá a ki ọta méjì sí i, ó sì kìlọ̀ fún un pé bí ewu bá ti kọjá, kó yọ wọ́n. Adigunjalè kò wá. Gilbert kò sì yọ ọta, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìbọn náà, ó sì ti pẹ́ jù láti bèèrè. Ẹni tó ti ròyìn fún gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ bí òun ṣe dá ẹfọ̀n dúró nínú igbó nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní apá àríwá lọ́hùn-ún, báwo ni yóò ṣe wá bèèrè ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ìbọn tó ṣí?

Nínú ìsinmi oṣù kẹjọ ọdún 1986, ní ọjọ́ Sátidé kan, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ Gilbert, ìyẹn àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ orí, ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé rẹ̀. Òórùn àkàrà gba gbogbo ilé. Matilda ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń to gíláàsì sórí àwo nílé ìdáná. Mọ́ṣádé, ọmọ Rose àkọ́bí wọn, tí ó wá lo ìsinmi láti Èkó, ń tẹ̀lé bàbá àgbà rẹ̀ kiri inú ilé. Ọmọ ọdún méje ni. Láti àárọ̀ ló ti bá a nu bàtà, bàbá náà sì ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan nù bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú.

Gilbert gbé ìbọn sọ̀kalẹ̀, ó ń fi òróró àgbọn ra á lára. Matilda yọjú.

"Bàbá Rose, ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú ọmọ."

"Mo ń nù ún ni. Ṣé o fẹ́ kí àwọn èèyàn wá bá eruku lára rẹ̀ ni?"

"Ìbọn tí ẹ kì í gbé jáde, ibo ni eruku ti rí i?"

Gilbert gbé ìbọn lé orí àga onítìmùtìmù, ó wọ yàrá lọ láti pààrọ̀ fìlà, ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, nítorí èyí tí ó dé kò bá àgbádá mu.

Mọ́ṣádé wo ìbọn náà. Ó rí i pé bàbá àgbà kò nù ún dé abẹ́, níbi irin kékeré tó tẹ̀ bí ìka. Ó fa etí aṣọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.

Ìbọn náà dún.

Nígbà tí Gilbert sáré jáde láìdé fìlà kankan, èéfín ti bo pálọ̀. Ọmọ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ là, kò sunkún. Gíláàsì ti fọ́ káàkiri. Matilda fẹ̀yìn ti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di apá òsì rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọta wẹ́wẹ́ náà ti lọ sára àwòrán ńlá tí Gilbert yà lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì. Bí Matilda bá tún gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ni, àyà ni ìbá fi gbà wọ́n.

"Ọmọ ńkọ́?" ni ohun tí ó kọ́kọ́ sọ. "Ẹ wo ọmọ ná."

Nígbà tí ó gbọ́ pé nǹkan kan kò ṣe ọmọ, ó wá ní kí Gilbert mú aṣọ mímọ́ wá, kó ká a lé ojú egbò, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an, kó má sì ṣí i wò. Kò jẹ́ kí aládùúgbò tó gbé epo pupa wá fi kan án. Aṣọ tó mọ́ jù nítòsí ni àgbádá tí ó fẹ́ fi gba àlejò. Gilbert fà á ya.

Àlàájì Gbàdàmọ́sí ló kọ́kọ́ dé fún ìpàdé. Kí ó tó sọ ohunkóhun, ó gbé ìbọn, ó kọjú rẹ̀ sí ilẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn bí ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ búrẹ́dì, ó yọ ọta kan tó kù nínú rẹ̀. Ọta tí òun fúnra rẹ̀ ki síbẹ̀ ni. Ó wo Gilbert. Lẹ́yìn náà ó gbé gbogbo wọn sínú ọkọ̀ Pijó rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Wọ́n yọ àwọn ọta wẹ́wẹ́ náà, àfi ẹyọ kan tí dókítà ní kí wọ́n fi sílẹ̀ níbi tó wà. Wọ́n ní apá yóò san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ká tán mọ́. Gilbert jókòó ti ibùsùn, ó ń sunkún bí ẹni tí kò ka ìwé rí.

"Ẹ dúpẹ́, Bàbá Rose," ni Matilda wí. "Apá ni."

Ó dúpẹ́ lóòótọ́. Ó jáde lọ bá Mọ́ṣádé, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìbọn ti dún, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú kọ́ridọ̀, níṣojú àwọn èèyàn.

"Kì í ṣe ìwọ," ni ó wí. "Èmi ni mo gbé e sórí àga. Ìwọ ń bá mi ṣiṣẹ́ ni. Ṣé o gbọ́? Èmi ni."

Ìgbà náà ni ọmọ tó sunkún. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Gilbert ti bá ọmọdé sọ láti ọjọ́ tó ti ń yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò, bóyá èyí ló wúlò jù.

Rose dé láti Èkó lọ́jọ́ kejì. Kò pariwo. Ó dùbúlẹ̀ ti ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, ó dúpẹ́ títí, ó wá yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Dádì, mo dúpẹ́ pé ẹ ò fi òkú ránṣẹ́ pè mí. Ṣùgbọ́n Mọ́ṣádé ò ní sun ilé yín mọ́, àfi tí ìbọn yẹn bá wà níbi tí ọwọ́ ọmọ ò lè tó o láéláé."

Ó gbé ọmọ lọ. Àwọn ọlọ́pàá ti wá gbé ìbọn lọ, ọ̀gá wọn sì ní wọn kò ní dá a padà títí Gilbert yóò fi ní ibi tí yóò máa tì í mọ́. Matilda ní kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Gilbert wo ìṣó méjèèjì tó ṣófo lára ògiri, ó ní òun yóò ra séèfù.

Ó lọ sí Èkó, ó bá ilé iṣẹ́ kan tí ń kógbá wọlé, ó ra séèfù òyìnbó tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ idẹ, tí lẹ́tà wúrà wà níwájú rẹ̀. Owó tí ó yẹ kó fi kan òrùlé ẹ̀yìnkùlé ló bá a lọ. Àwọn ọkùnrin tó gbé e wọlé ń mí hẹlẹhẹlẹ, gbogbo òpópónà sì jáde wá wò ó, èyí tí kò bí Gilbert nínú rárá. Wọ́n gbé e sí pálọ̀. Àlàájì wá kí i kú oríire. Ó ṣí ilẹ̀kùn séèfù náà, ó fi apá rẹ̀ wọn inú rẹ̀, ó sì jókòó.

"Sípẹ́kítọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ṣé o fẹ́ gé ìbọn yẹn sí méjì ni?"

"Kí ló dé?"

"Séèfù owó lo rà. Owó ṣeé ká. Ìbọn kò ṣeé ká. Ẹni tó fẹ́ ra ilé fún ìbọn, ìbọn ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀n."

Gilbert ní ó lè jẹ́ pé ìbọn yóò wọlé bí wọ́n bá gbé e láti igun kan dé igun kejì. Àlàájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ìbọn nílé gbọ́.

"Jẹ́ kí àwọn ajórin fi irin jó àpótí ìbọn fún ọ níbí, Ìjẹ̀bú ọmọ Aláre. Kò ní tó ìdá mẹ́wàá owó tí o ná yìí. Kí wọ́n lo irin tó nípọn, kì í ṣe páànù tí ọ̀pá irin lè fà ya bí ìwé. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan gùn ju ìbọn lọ. Kí ìdè tí ilẹ̀kùn fi ń yí wà nínú, kí olè má baà rí ohun tí yóò gé. Má fi àgádágodo kọ́ ọ níta, òkúta ni wọ́n fi ń lu ìyẹn já. Kọ́kọ́rọ́ tó wọ inú ilẹ̀kùn lọ ni kí o lò. Bí o bá sì gbé e kalẹ̀ lásán, wọn yóò gbé e lọ tìbọn-tìbọn, nítorí náà láti inú ni kí wọ́n ti fi bọ́ọ̀tù kàn án mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe mọ́ pátákó."

"Ọta ńkọ́?"

"Àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ìbọn tó wọlé rárá, ṣí i, wò ó, kí o tún ki ìka bọ̀ ọ́. Wá, màá fi bí wọ́n ṣe ń ṣí i hàn ọ́." Àlàájì ti ilẹ̀kùn séèfù náà. "Ó yẹ kí n ti fi hàn ọ́ tipẹ́. O ò sọ pé o ò mọ̀ ọ́n."

Gilbert wá bèèrè bóyá wọ́n lè fi gíláàsì díẹ̀ sí ilẹ̀kùn náà, kó lè wuni.

"Gíláàsì?" ni Matilda wí láti orí àga rẹ̀, apá rẹ̀ nínú aṣọ tí wọ́n fi so ó kọ́ ọrùn.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì parí síbẹ̀.

Wọ́n jó àpótí náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú, wọ́n kàn án mọ́ kọ̀rọ̀ yàrá Gilbert lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí àlejò kankan kò lè rí i. Kò lẹ́wà. Matilda fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́ inú rẹ̀ nítorí ìpẹtà. Òun náà ló ń tọ́jú àpótí ọta. Ọ̀gá ọlọ́pàá wá wò ó, ó sì dá ìbọn padà. Ní ti séèfù òyìnbó, kò sẹ́ni tó rà á. Gààrí ni Matilda ń kó sínú rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ pé eku kò rí i wọ̀.

Ní ọdún Kérésìmesì, Rose gbé Mọ́ṣádé wá. Ó kọ́kọ́ wọ yàrá lọ fúnra rẹ̀, ó fa àpótí náà, ó tì í, kò mì. Ó jáde, ó ní kí ọmọ gbé báàgì rẹ̀ wọlé. Ọmọ náà wo ògiri pálọ̀, ó rí ojú ìṣó méjì tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì dí, ó sì sáré lọ dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ tí kò dùn ún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gilbert jó dé iwájú pẹpẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì ṣe é fún ojú ayé. Ó jẹ́rìí. Ó sọ bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ̀mí sí, ó jẹ́wọ́ pé ìgbéraga òun ló fa á, àwọn èèyàn sì ń mi orí. Ibi tó yẹ kó ti jókòó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wá tú àpótí rẹ̀ palẹ̀ fún ìjọ: bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó, kọ̀rọ̀ yàrá tó wà, iye bọ́ọ̀tù.

"Ní ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ará," ni ó wí, "ọmọ aráyé kan kò lè rí i. Inú aago ńlá tó wà lókè ibùsùn mi ni mo ń fi í sí."

Gbogbo ìjọ dáhùn pé, "Halelúyà." Matilda ń wo bàtà rẹ̀.

Bí wọ́n ti délé, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó jáde.

"Bàbá Rose, mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ kúrò nínú aago. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lo ìbọn, ẹ bi mí, màá gbé e fún yín lójú ẹsẹ̀."

Gilbert ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní kò ní pẹ́ tí òun yóò fi bèèrè, nítorí òun àti Àlàájì fẹ́ lọ ṣọdẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ìbọn wà nílé yín, bóyá lábẹ́ ibùsùn, bóyá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bóyá níbi tí àlejò ti lè rí i: ẹ dìde lónìí, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí kó yọ ọta inú rẹ̀, kí ojú má sì tì yín láti sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n jó àpótí kan fún yín. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ti òyìnbó. Ẹ kàn án mọ́ ògiri, ẹ tì í, kí ẹ sì má sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe nínú ìjọ Ọlọ́run. Kì í ṣe gbogbo ilé ni àwòrán ti máa ń bá èèyàn gba ọta. Bí ìbọn náà kò bá sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún yín, àgọ́ ọlọ́pàá kò jìnnà.

Ní ti Gilbert, ọdún kẹta rèé. Kò tíì bèèrè kọ́kọ́rọ́.