Ewé Tí Wọ́n Sá Sórí Pákó

"Ẹ mu ún! Mo ní ẹ mu ún lójú gbogbo ayé! Bí kì í bá ṣe ikú lẹ pò sínú ife yìí, ẹ gbé e mì ká rí i!"

Ohùn aránṣọ nìyẹn, ohùn tí kì í ga ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá ọkọ rẹ̀, ó na ife tíì sí arúgbó náà nímú. Tíì gbígbóná ń ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń jó òun. Okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó fi wọ̀n kẹ́yìn ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gà, nítorí pé bí ẹyẹ ẹ̀gà ni kì í pa ẹnu mọ́. Aṣọ funfun ló rán fún un. Inú rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Kí ló pa ọmọ náà? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ikọ́ lásán ló ń wú. Ó mu tíì ewé tí ìyá àgbà rẹ̀ sè fún un, ó bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé orí omi, ó sì dákẹ́ sí apá bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ọsibítù.

"Ìyàwó mi, gbé e wá," ni Ìyá Eléwé wí. "Bó bá jẹ́ pé mímu ni yóò mú ọkàn rẹ balẹ̀."

Ó mu ún tán. Ó dorí ife kodò kí wọ́n lè rí ìdí rẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" ni ọmọ rẹ̀, káfíńtà, wí. Ẹkún wà ní gbogbo ara ohùn rẹ̀.

"Kí la rí?" Aládùúgbò wọn tí wọ́n ń pè ní Rédíò ló dá a lóhùn láti ẹ̀yìn fèrèsé. Rédíò ni, ṣùgbọ́n bátìrì tirẹ̀ kì í kú. "Ṣé oró ejò ń pa ejò ni?"

Ẹnu ayé kò ní ilẹ̀kùn. Ká ní ó ní in ni, káfíńtà yẹn ì bá ti rí iṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnìkan ládùúgbò náà tí ewé ìyá yìí kò tíì kàn lẹ́nu. Ibà mú ọ? Koríko ọba ni yóò sè fún ọ, wàá mu ún gbígbóná, wàá sì làágùn títí aṣọ rẹ yóò fi lẹ̀ mọ́ ọ lára. Ìgbẹ́ gbuuru? Ewé gúáfà. Inú rírun? Efinrin. Ikọ́? Ewé efinrin náà ni, pẹ̀lú ata ilẹ̀ tí wọ́n gún àti oyin díẹ̀. Rédíò fúnra rẹ̀, nígbà tí inú ń lọ́ ọ pọ̀, mélòó ni kò mu níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti sọ lórúkọ burúkú, oore rẹ̀ pàápàá di ẹ̀rí.

Ẹ̀rí ò sì wọ́n. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni àwọn tó ń mu tíì rẹ̀ ti ń bì. Aránṣọ, tí oyún wà nínú rẹ̀, mu díẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n oyún náà kò bọ́. Ẹ̀gà mu púpọ̀, ó lọ. Káfíńtà nìkan ni nǹkan kan kò ṣe. Gbogbo ènìyàn sì mọ ìdí tí ìyẹn kò fi mu ún: láti kékeré ló ti ń sá fún ohun kíkorò, bí ìyá rẹ̀ bá ti gbé kòkò ewé kaná báyìí, á ti gba ojú fèrèsé bọ́ síta. Ẹ̀rín ni wọ́n ń fi í rín tẹ́lẹ̀. Rédíò ti wá yí i padà.

"Ọmọ tirẹ̀ nìkan ni oró náà kò mú," ló ń wí káàkiri. "Àbí ẹ kò rí i? Àti pé lówùúrọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó jí, òun àti Amọ̀kòkò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń ti inú igbó bọ̀. Wọn kì í kí ènìyàn! Ìpàdé wo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

Ìpàdé ewé ni. Ìrì ni wọ́n fi ń já efinrin. Àwọn méjèèjì kì í sì sọ̀rọ̀ nídìí ewé títí agbọ̀n yóò fi kún. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó kọ́ wọn ṣe kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Eléwé mu odidi ife yẹn, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀ rí, ó kàn máa ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò ni kó tó bu fún ènìyàn. Ètè rẹ̀ a kú díẹ̀, á ní ọjọ́ ogbó ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, inú rẹ̀ yí po, ó bì títí ó fi bi omi òróòro, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Bó ṣe dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń fò sókè fúnra rẹ̀, ó mọ irú gbígbọ̀n náà. Ó ti rí i lára Ẹ̀gà.

"Nínú tíì mi ló wà," ló wí fún ògiri. "Lóòótọ́, nínú tíì mi ló wà."

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Omi ńkọ́? Gbogbo ilé ló ń mu ún. Kòkò ńkọ́? Amọ̀kòkò ló mọ ọ́n, ó ti lé lógún ọdún lórí iná. Oyin ńkọ́? Ó lá a, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ewé ló kù. Ewé tó fọwọ́ ara rẹ̀ já, tó sì mọ̀ bí ẹni mọ ọmọ.

Ó lọ síbi tí ó ń sá a sí. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí ni òjò ti jẹ ẹní rẹ̀ àtijọ́ rà. Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ to pákó dídán sórí igi lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ní, "Màámi, ẹ yéé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orí èyí ni kẹ́ ẹ máa sá ewé yín sí, ibòji wà níbẹ̀, ẹ̀yìn yín á sinmi." Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà débi pé ó súre fún un títí ó fi ní kó tó. Oòrùn a máa jí agbára ewé jẹ, ibòji ló yẹ ẹ́. Wọn kì í sì í fọ ewé tó bá ti gbẹ, bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, koríko lásán ni.

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo pákó. Èèrà kan gun orí rẹ̀. Ó rìn díẹ̀, ó yí dànù, ó na ẹsẹ̀. Òmíràn ṣe bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ pákó, láàárín èérún igi, ẹyẹ ẹ̀gà méjì ti kú síbẹ̀, ẹnu wọn là.

"Ọmọ mi," ó pè é wọ́ọ́rọ́, "kí lo fi kun àwọn pákó yìí?"

Káfíńtà gbójú sókè nídìí ayùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí Ẹ̀gà ti lọ, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Oògùn ikán ni, Màámi. Pákó bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó ń bọ̀ ni. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì kó lè pẹ́. Ojúlówó ni! Ikán tó bá fẹnu kàn án, ó parí."

"Ṣé kò ní òórùn?"

"Ó ti gbẹ, òórùn ti lọ. Ṣé ó ń yọ yín lẹ́nu ni?"

"Rárá," ni ìyá rẹ̀ wí. "Kò yọ mí lẹ́nu."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun àti Amọ̀kòkò gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn kànga, wọ́n da gbogbo ewé ilé sí i, wọ́n sì sin àwọn ẹyẹ náà lé e lórí.

"Sọ fún wọn!" ni Amọ̀kòkò ń jágbe mọ́ ọn, ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Orí ẹ pé ṣá? Wọ́n ń pè ọ́ lájẹ̀ẹ́, o sì mọ ohun tó pa ọmọ!"

"Bí mo bá sọ, ta ni ó pa ọmọ?"

Amọ̀kòkò yíjú sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà.

"Òun ló kun pákó. Òun ló tẹ́ ẹ fún mi. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Bàbá tó bá gbọ́ pé ọwọ́ òun lòun fi pa ọmọ òun, ṣé ìyẹn tún máa gbé òòlù? Ṣé á tún jẹun? Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ṣé á tún bá a sùn nínú ilé kan?"

"Sọ fún un ṣá pé pákó náà ò dáa."

"Á béèrè ohun tó ṣe é. Ọmọ mi ni. Kò ní sinmi títí á fi rí i."

Rédíò ti rí wọn láti ojú fèrèsé rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ìgbà wo ni rédíò ń dúró gbọ́? Kí ilẹ̀ tó ṣú tán, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé àwọn àjẹ́ ń sin ẹyẹ wọn lẹ́yìn kànga.

Ìyá gbìyànjú ṣá. "Ọmọ mi, fi pákó mìíràn kan bẹ́ẹ̀dì yẹn."

"Pákó mìíràn kẹ̀, Màámi? Èyí tó dáa jù lọ́jà nìyẹn." Ó sì gbé ayùn lé e.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tó jáde lọ ra ìṣó, ìyá rẹ̀ gbé agolo oògùn ikán, ó sọ ọ́ sínú ṣáláńgá. Ó wọ́ gbogbo pákó náà dé ààtàn, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná sí i. Ibẹ̀ ni aránṣọ ti bá a.

"Ẹ gbà mí o! Bẹ́ẹ̀dì ọmọ inú mi ló ń sun! Mi ò tíì bí i, ó ti ń sun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀!"

Èrò pé jọ. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Ìyá Eléwé, olórí ẹbí náà. Káfíńtà sáré dé, àpò ìṣó lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo iná, ó wo ìyá rẹ̀.

"Aya àbúrò mi," ni Bàbá Àgbà wí, "pákó kò ṣẹ̀ ọ́. Kí ni ìdí?"

Ìyá Eléwé fi ẹsẹ̀ ti pákó kan wọ inú iná.

"Màámi." Káfíńtà ti kúnlẹ̀ sínú eérú. "Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ pé irọ́ ni. Ẹ sọ ohun tí pákó náà ṣe, èmi á gbà yín gbọ́. Èmi nìkan ló kù tó ń gbà yín gbọ́."

Ìyá Eléwé wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Èérún igi ló wà ní èékánná rẹ̀. Ó wo ikùn aránṣọ, ọwọ́ méjèèjì tó fi bò ó.

"Èmi ni mo pa Ẹ̀gà," ló wí. "Ẹ má wá ẹlòmíràn. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀."

Rédíò pàápàá dákẹ́.

Wọn kò lù ú. Bàbá Àgbà ní kó jáde nílé kí oòrùn tó wọ̀, kó má ṣe padà wá mọ́ láéláé, kó má sì rí ọmọ tí wọ́n bá bí. Amọ̀kòkò bá a di ẹrù. Ẹrù wo? Aṣọ díẹ̀, kòkò kan. Bí Amọ̀kòkò bá ti ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, Ìyá Eléwé a di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó bọ́ sí àgbàlá. Ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ti fi pákó dábùú ilẹ̀kùn, ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe máa ń wà lẹ́nu bàbá rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "yọ ìṣó yẹn lẹ́nu. Kó o sì máa fọ ọwọ́ rẹ dáadáa kó o tó jẹun o. Ṣé o gbọ́?"

Káfíńtà yọ ìṣó lẹ́nu. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Èmi kì í ṣe ọmọ rẹ," ló wí.

Ó ki ìṣó mọ́ pákó, ó gbé òòlù sókè, ó sì gbá a wọlé dé orí.