Gíláàsì Tí Kì Í Géni Lọ́wọ́

Gíláàsì tó fọ́ ló kún ilẹ̀ sítọ̀ náà nígbà tí Ìnspẹ́kítọ̀ Rodiat wọlé. Àràmídé, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páńẹ́lì sólà lẹ́yìn Aké, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò lè wo inú.

"Gíláàsì páńẹ́lì àkọ́kọ́ tí a fi iyanrìn ilẹ̀ wa ṣe nìyẹn," ó ní. "Oníbàárà ń bọ̀ wò ó lọ́sàn-án. Bí kò bá rí i, a ti kógbá wọlé nìyẹn."

Rodiat kì í tètè bá ẹni tó ń sunkún kẹ́dùn. Ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ó mú àfọ́kù kan. Ó gùn, ó sì mú bí ọ̀bẹ.

"Ṣé gíláàsì yín máa ń géni?"

"Rárá o. A máa ń lọ etí rẹ̀ títí á fi dán, ká tó fi iná mú un le. Ọmọdé lè gbá a mọ́ra."

Ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn. Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́: Àràmídé, Bàbá Mùtíù tó ń ṣọ́ ilé, àti Dìran tó máa ń lọ gba gíláàsì tí wọ́n ń rà lókèèrè ní èbúté Àpápá.

"Mo lọ kírun Ìṣáì lálẹ́ àná ni, ọmọ mi," Bàbá Mùtíù wí. "Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í já ilẹ̀kùn."

Dìran fi aṣọ di ìka ọwọ́ rẹ̀ kan.

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?" Rodiat bi í.

"Gíláàsì yẹn náà ni. Ó gé mi nígbà tí a ń kó o wọlé lọ́sàn-án àná." Dìran mi orí. "Mo sọ fún Mádàámù pé tilé yìí ò lágbára. Ṣùgbọ́n ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ jẹ́ ká padà sí tòkèèrè."

Rodiat pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ ti rí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mọ́tò tó fọ́ rí. Wóró-wóró ló máa ń dà bí àgbàdo, torí iná ti mú un le. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí tiyín fọ́. Gíláàsì fèrèsé lèyí. Ẹnì kan kó tiyín pamọ́, ó wá fọ́ tọjà síbẹ̀." Ó kọjú sí Dìran. "Èyí tí ẹ kó wọlé lọ́sàn-án àná ò létí tó ń géni. Èyí tí ẹ kó wọlé nígbà tí Bàbá ń kírun ló gé yín."

Dìran jókòó sórí àpótí kan.

"Ẹ̀yìn àwọn àpótí tòkèèrè ni mo kó o sí. Kò fọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Bí a bá ti ń ṣe gíláàsì fúnra wa, ta ni yóò tún rán mi sí Àpápá?"

"Èmi ni, Bùrọ̀dá Dìran," Àràmídé dáhùn. "Ará Gánà ni oníbàárà tó ń bọ̀ yìí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bá wa kó ẹrù gba Àpápá jáde."

Dìran ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. Rodiat ní kó dìde, kó lọ fi ibi tí gíláàsì náà wà hàn wọ́n kí oníbàárà tó dé.