Ẹ Sọ̀ Ọ́ Kalẹ̀! Ìtàn Rédíò Orí Òrùlé Rùfáì

"Ẹrù dé o! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!"

Tí o bá ń gbé Ìkòsí tí o kò mọ ohùn yẹn, á jẹ́ pé etí rẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Rùfáì nìyẹn.

Alábàárù ni Rùfáì tẹ́lẹ̀ ní ọjà Mile 12, l'Ékòó. Nígbà tí ọrùn rẹ̀ kọ ẹrù, ó ní ẹnu òun kò tíì kọ̀ ọ́. Òun àti Godwin tó ń tún rédíò ṣe nísàlẹ̀ ilé to ẹ̀rọ kan jọ, wọ́n ri ọ̀pá irin mọ́ orí òrùlé, ni Rùfáì bá di iléeṣẹ́ rédíò. Òun ni ọ̀gá, òun ni olóòtú, òun náà ni akọrin. Bí ọkọ̀ tòmátì bá ti wọ ọjà, á figbe ta. Àwọn alábàárù á sáré, àwọn ọlọ́jà á rẹ́rìn-ín.

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í rẹ́rìn-ín: Adédiwúrà, ayálégbé tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, lára àwọn tó ń fi rédíò darí àwọn pílọ́ọ̀tì.

"Ọ̀gá Rùfáì, ṣé ẹ gbàṣẹ ẹ̀rọ yìí?"

"Àṣẹ kẹ̀? Aunty, ta ni láńlọ́ọ̀dù afẹ́fẹ́? Ẹ mú mi lọ bá a kí n san rẹ́ǹtì!"

"Ẹ má fi ṣàwàdà. Ọ̀nà tí rédíò FM ń gbà àti èyí tí pílọ́ọ̀tì fi ń bá wa sọ̀rọ̀, ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò lè jò sí ọ̀dọ̀ wa."

"Pílọ́ọ̀tì wo ló fẹ́ gbọ́ iye tòmátì? Ẹ wo Aunty Àṣẹ!"

Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Rùfáì tiẹ̀ fi "Aunty Àṣẹ" pa nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ sórí fóònù.

Ajarat, ìyàwó Rùfáì, ló máa ń lọ ra tòmátì ní Kánò. Lọ́tẹ̀ yìí, oyún wà nínú rẹ̀, oyún tí tọkọtaya ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọrọ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gba títì padà. Rùfáì ta ọ̀kadà rẹ̀, ó fi ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún un.

"Alaaji mi, mo ti jókòó," ni Ajarat wí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Wọ́n ní ká pa fóònù. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀."

"Ẹ̀rù kẹ̀? Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní ni o!"

Àdúrà tí à ń ṣe fún aláboyún nìyẹn. Rùfáì fi òkò kan pa ẹyẹ méjì: kí ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ ire, kí ìyàwó sọ̀kalẹ̀ ire. Ajarat rẹ́rìn-ín, ó pa fóònù.

Inú Rùfáì dùn débi pé ó ní kí Godwin fi kún agbára ẹ̀rọ náà. "Jẹ́ kí gbogbo Kétu gbọ́! Kí àwọn Agboyi gbọ́ lórí omi!"

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí máa gbóná o."

"Jẹ́ kó gbóná. Ṣé ìwọ lo lóyún ni?"

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọkọ̀ Ajarat dé, Rùfáì gbé máìkì sẹ́nu. "Ìyàwó mi ń bọ̀ lókè o! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún mi! Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́!"

Fóònù dún. Aunty Àṣẹ. Ó gé e. Ó tún dún. Ó tún gé e, ó sì kéde rẹ̀: "Aunty Àṣẹ ń pè mí, rẹ́ǹtì afẹ́fẹ́ ti pé!"

NEPA bá mú iná lọ. Ẹ̀rọ kú fin-ín.

Ká ní a mọ̀ ni, gbogbo Ìkòsí ì bá dọ̀bálẹ̀ fún NEPA lọ́jọ́ náà.

"Godwin! Jẹnẹrétọ̀!"

Jẹnẹrétọ̀ yẹn, ọlọ̀tẹ̀ ni. Èèyàn á fà á títí apá á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ. Lọ́jọ́ náà, fífà kan péré, ó dáhùn.

"Ẹ sọ̀ ọ́ ka—"

Ariwo ńlá gba orí ilé kọjá. Ọkọ̀ òfurufú kan fò nílẹ̀ nílẹ̀, ó ṣàdédé gbé imú sókè, ó ń ké. Páànù gbọ̀n.

Fóònù Godwin ló dún lẹ́yìn náà. Ó gbọ́ gbólóhùn kan, ojú rẹ̀ yí padà, ó fa wáyà já.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Aunty ni. Ó ní ohùn yín ló kún inú ẹ̀rọ wọn. Ó ní pílọ́ọ̀tì ò gbọ́ wọn mọ́."

"Pílọ́ọ̀tì ọkọ̀ wo?"

Godwin gbójú sókè wo ibi tí ọkọ̀ náà gbà lọ.

Rùfáì pe Ajarat, kò lọ. Ó tún pè é, kò lọ. Àwọn ará ilé kóra jọ síwájú ìta, ẹnikẹ́ni ò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Nígbà tí Aunty Àṣẹ tún pè, Rùfáì kò jẹ́ kó dún tán.

"Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ọkọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, Ọ̀gá Rùfáì."

Rùfáì fò sókè. "Alhamdulillah! Ó ti sọ̀kalẹ̀!" Ilé gba ariwo. Godwin dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ gbọ́ mi tán," ni Adédiwúrà wí. "Ajarat náà ti sọ̀kalẹ̀. Inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni. Oṣù rẹ̀ ò tíì pé."

"Ọmọ ńkọ́?"

Ẹkún Adédiwúrà ni Rùfáì gbọ́. Ọmọ náà kò yè.

Ní ọsibítù, Adédiwúrà jókòó tì í. "A ní kí pílọ́ọ̀tì dúró lókè, torí ọkọ̀ mìíràn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohùn yín bo ọ̀rọ̀ wa. Ìwọ̀nba tó gbọ́, ó rò pé a ní kó máa bọ̀. Nígbà tí iná lọ, a rí i pè. Ó ń dáhùn lọ́wọ́ ni ohùn yín tún dé."

"Jẹnẹrétọ̀," ni Rùfáì wí.

"Ojú ara rẹ̀ ló fi rí ọkọ̀ kejì, ló bá fà á sókè lójijì. Ajarat ti tú bẹ́líìtì torí ó ń fún un nínú. Ó ṣubú lu àga."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ fi lè bá a sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ó gba àkókò kí pílọ́ọ̀tì tó mọ̀ pé òun ò gbọ́ wa. Àkókò yẹn lẹ gbà lọ́wọ́ wọn."

Nínú yàrá, Ajarat la ojú. "Alaaji, wọ́n ní rédíò ẹnìkan ló fà á. Ṣé wọ́n ti mú onítọ̀hún?"

Rùfáì la ẹnu. Ohùn tí Agboyi ń gbọ́ lórí omi kò jáde.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yọ ọ̀pá irin náà, ẹni tó wà lórí òrùlé nínú wọn ké sí àwọn tó wà nílẹ̀ pé, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kó Rùfáì àti Godwin lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn.

Ẹ̀yin ará, afẹ́fẹ́ ní láńlọ́ọ̀dù o. Gbogbo ẹni tó wà lókè tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ló ni ín. Kí o tó gbé ẹ̀rọ rédíò kalẹ̀, ì báà ṣe fún ọjà tàbí fún wáàsí, gbàṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tọ́rọ̀ kàn, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀rọ náà wò. Bí o bá fura sí ọ̀pá orí òrùlé kan, fi tó wọn létí. Kì í ṣe òfófó, ẹ̀mí là ń dáàbò bò. Bí ẹni tó mọṣẹ́ bá ní kí o pa ẹ̀rọ rẹ, kọ́kọ́ pa á ná, ẹ lè jiyàn lẹ́yìn. Ẹ̀yin tó ń wọ ọkọ̀ òfurufú, ẹ má tú bẹ́líìtì àfi tí wọ́n bá ní kí ẹ tú u. Kí aláboyún dè é sí abẹ́ ikùn, kì í ṣe orí rẹ̀.

A ti ń ṣàdúrà àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní tipẹ́. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀, kó lè gbà.