Òkúta Ẹ̀yìn Táyà

Ẹsẹ̀ ọ̀tún Idayatou ti ń gbọ̀n lórí ìjánu nígbà tó kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ọkọ̀ àtijọ́ bàbá rẹ̀ ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tó ti ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kúrò ní etí ọ̀sà ní Porto-Novo. Ọ̀pá ìjánu ọwọ́, èyí tó wà láàárín ìjókòó iwájú méjèèjì, ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò dá nǹkan kan dúró. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ọkọ̀ yóò fi ẹ̀yìn wọ inú omi ni. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, bàbá rẹ̀, Alájì Soumanou, ń ka tẹ̀sùbáà, báńdéèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, wọ́n ń kọjá lọ.

Ọkùnrin kan tí epo ọkọ̀ ti ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́ gbé òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó tì í sẹ́yìn táyà, ó sì dúró síbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Bí kò bá dì í mú, èmi ni ọkọ̀ máa kọ́kọ́ gùn."

Idayatou rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Mouktar lorúkọ ọkùnrin náà. Ní àdúgbò Houinmè ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kò jìnnà sí ibi tí Idayatou ti ń ránṣọ.

Nígbà tó gbé ọkọ̀ náà lọ bá a, Mouktar tú ìdérí ọ̀pá náà, ó fi inú rẹ̀ hàn án. Àwọn eyín irin tó yẹ kí ọ̀pá náà há mọ́ ti jẹ tán.

"Arúgbó tí ń fi èrìgì jẹun nìyí," ó wí. "Mo máa fa okùn irin rẹ̀ le, yóò dì í mú fúngbà díẹ̀. Mo máa bá yín wá eyín tuntun láti Cotonou. Ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Òkúta yìí ńkọ́, ẹ máa gbé e kiri."

Sátidé dé, eyín kò tíì dé. Èyí tó tẹ̀ lé e náà kọjá bẹ́ẹ̀. Idayatou kò bínú, ẹja díndín ló ń gbé dání lọ.

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń gbé yín wá, àbí tèmi?"

"Ti ọkọ̀ ni. Ìwọ, mo kàn ń fara dà ọ́ ni."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Mouktar ju sípánà sílẹ̀, ó ń wò ó, inú Idayatou sì dùn débi pé ó gbàgbé ẹja sórí bóńẹ́ẹ̀tì.

Alájì kò fọ́jú. "Ọ̀pá kan ṣoṣo," ó wí nígbà tí Mouktar wá kí i nílé. "N kì í fi ọmọ fún ẹni tí kì í parí iṣẹ́." Mouktar dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Àtọ̀gbẹ ló dá egbò sí Alájì lẹ́sẹ̀. Dókítà ní omi kò gbọdọ̀ kàn án, nítorí náà òkúta gbígbẹ ló ń fọwọ́ pa dípò àlùwàlá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò bá òkúta tayámọ́mù rẹ̀ lójú fèrèsé, ó rin ín gbingbin.

"Wá òmíràn fún mi. Àlàásárì ń lọ."

Gbogbo àgbàlá ló tutù. Òkúta kan ṣoṣo ló gbẹ, èyí tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lẹ́yìn táyà. Idayatou fa ìjánu ọwọ́ sókè, ó gbọ́ tó há. Mouktar ti ní yóò dì í mú. Ó gbé òkúta náà fún bàbá rẹ̀, ó ní lọ́kàn láti dá a padà bó bá kírun tán.

Ìjánu ọwọ́ náà dún kẹ́, bí ìgbà tí aránṣọ bá feyín já òwú. Ilẹ̀ àgbàlá náà dagun, ọkọ̀ sì rọra ń fi ẹ̀yìn lọ. Idayatou di ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ mú, ọkọ̀ wọ́ ọ tuurutu. Alájì wà lórí ẹní lábẹ́ etí òrùlé lẹ́bàá ògiri, ó tẹrí ba nínú ìrun. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gbá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ mọ́ ògiri.

Wọ́n gé e lórúnkún. Mouktar sáré dé ọsibítù, Idayatou sì dí i lọ́nà.

"O ní yóò dì í mú."

Mouktar kò lè wò ó lójú. "Eyín tuntun ti wà lọ́wọ́ mi kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi sí i, kí lo tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

"Máa lọ."

Ó lọ. Idayatou kórìíra rẹ̀, ó ń ṣàárò rẹ̀, kò sì mọ èyí tó wúwo jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ tó gbé òkúta náà kò jẹ́ kó sùn. Aṣọ rírán sú u. Nígbà tí wọ́n gbé Alájì délé, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti ń dúdú.

"Pe mẹkáníìkì yẹn wá," ni Alájì wí.

"Bàbá, eyín náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ó ti wá sọ ọ́ fún mi ní ọsibítù nígbà tí o lọ ra oògùn. Pè é wá, kó parí iṣẹ́ rẹ̀."

Mouktar dé, ó ti rù. Ó tú ọ̀pá náà lójú Alájì, ó yọ irin tó jẹ, ó de tuntun, ó fa okùn rẹ̀ bó ti yẹ. Ó wa ọkọ̀ náà lọ sí ibi tó ti yọ̀ lọ́jọ́sí nínú àgbàlá, ó pa á, ó fa ìjánu ọwọ́, ó bọ́ọ́lẹ̀. Kò wá òkúta. Ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn táyà, ó gbé ẹ̀yìn tì í.

Ẹ̀rù ba Idayatou dé eegun. Ó wo ọkọ̀, ó wo ògiri tí ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ti gbẹ sí, ó wá lọ jókòó ti Mouktar, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dìde, Ida," Mouktar sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bí kò bá dì í mú, àwa méjèèjì ni ọkọ̀ máa gùn."

Alájì na ọwọ́ sí òkúta dúdú pẹlẹbẹ náà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, ó fọwọ́ pa á, ó fi pa ojú, ó fi pa ọwọ́. Ó jókòó kírun láìkánjú. Títí ó fi sálámà láti parí ìrun, ọkọ̀ náà kò mira.

"Ẹ dìde níbẹ̀," ó wí. "Kí ẹnìkan lọ pe lémọ́ọ̀mù. Kí wọ́n so yìgì yín lójú mi níhìn-ín, nítorí ẹsẹ̀ kejì yìí kò ní dúró dè wá."

Idayatou bú sẹ́kún. "Bàbá, ẹ ní ẹ ò ní fún un."

"Mo ní n kì í fún ẹni tí kì í parí iṣẹ́." Ó ti òkúta náà sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. "Ó ti parí rẹ̀."