Ọwọ́ Tó Ṣe Bí Afẹ́fẹ́

Ó gbé bàálù onígi kékeré kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, ìyẹ́ kan rọ̀ jọwọlọ nínú aṣọ tó fi wé e, òjò sì ń pa òun fúnra rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi àdúgbò yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dijú, mo ṣì ń rí obìnrin aránṣọ náà lẹ́nu ọ̀nà, tí omi ń kán tótó láti ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Yàrá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ló wọ̀. Ọkùnrin náà ti lé lógójì ọdún, kò láya, kò ní ará nítòsí. Rédíò bíi mẹ́ta máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nínú yàrá rẹ̀, kì í ṣe nítorí iṣẹ́, kí ohùn ènìyàn ṣáà lè wà nílé ni. Àwọn ará àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Onírédíò, àlejò yín mà pọ̀ lónìí o!" Òun a rẹ́rìn-ín, a padà sídìí wáyà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá gbé rí mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ kú òjò. Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́. Ta lẹ gbé?"

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó tú aṣọ. "Bàálù bàbá mi ni. Ó já lulẹ̀ ní pápá."

Káfíńtà ni bàbá náà, opó ọkùnrin. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bàálù kékeré tó ń fi rìmóòtù darí láti ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí èyí já, ó tẹ rìmóòtù títí, bàálù kò gbọ́, ó fi imú gúnlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti gbà pé ọwọ́ òun ló gbọ̀n. Abẹ́ itan ló ń fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sí. Kò jáde mọ́, kò kan nǹkan kan mọ́.

"Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, ẹ sọ fún mi," ni aránṣọ wí. "Bí kì í bá ṣe ọwọ́ rẹ̀, ẹ bá mi wá ohun tó jẹ́. Bàbá mi ń kú lọ lórí àga."

Ọkùnrin náà fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ́ padà. Ó tan bàálù, ó tẹ rìmóòtù. Gbogbo ara bàálù ló jẹ́ ìpè: ìyẹ́ gbéra, ìrù yí. Ó mi wáyà, ó gbé rìmóòtù jìnnà dé ìparí òpópónà. Kò rí àléébù. Ojoojúmọ́ ni aránṣọ ń yà bọ̀ láti ìsọ̀ rẹ̀, a jókòó sórí àpótí, a máa rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàálù lẹ ń wò ni, àbí èmi?"

"Bàálù ni. Ìwọ ni mo fi ń sinmi ojú."

"Ẹ wá gbọ́ ẹnu rédíò o!"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin náà dédé dá iṣẹ́ dúró. "A ti ṣìnà," ó wí. "Orí tábìlì kò ní afẹ́fẹ́. Lókè lọ́hùn-ún, bí ìyẹ́ bá fẹ́ yí, afẹ́fẹ́ á ti í padà, wọ́n á jọ jà. Níbí, ta ló ń bá a jà? Wá, di etí ìyẹ́ méjèèjì mú. Bí mo bá ní kó lọ sókè, má gbà fún un. Ṣe bí afẹ́fẹ́."

Aránṣọ na apá, ó di ìyẹ́ mú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì di ìrù, ó fi ọ̀tún tẹ rìmóòtù. Èjìká wọn kanra. Ọkùnrin náà kò rántí ìgbà tí èjìká ènìyàn kan tirẹ̀ kẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kó gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe. Ìyẹ́ ń jà lábẹ́ ìka obìnrin náà bí ẹyẹ. Lójijì, iná pupa tíńtín tó wà níkùn bàálù kú. Ìyẹ́ rọ̀. Kí wọ́n tó mí, iná náà tún tàn, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tó dákú tó jí.

"Ẹ rí i! Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i!"

"Mo rí i." Ojú rẹ̀ kò túká. "Àwọn ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ́ yìí, tuntun ni wọ́n, wọ́n sì lágbára jù. Bí gbogbo wọn bá bá afẹ́fẹ́ jà pọ̀, wọ́n á fa iná bátìrì tán, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ti rìmóòtù á di adití. Ta ló fi wọ́n síbẹ̀?"

Obìnrin náà ti fi ìyẹ́ sílẹ̀.

"Èmi ni mo rà wọ́n fún un. Mo ní kó lè lágbára. Kò fẹ́. Mo sunkún kó tó gbà."

"Ìfẹ́ ló—"

"Ẹ má pè é ní nǹkan kan. Ẹ bá ti purọ́ fún mi."

"Ìwọ lo ní kí n wá ohun tó jẹ́."

Ó kó abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá. Ọkùnrin náà wá bátìrì mìíràn fún ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn náà, èyí tó dá jẹ́ tirẹ̀, tí ìyẹ́ kò ní lè jà á gbà. Nígbà tó parí, ó pa gbogbo rédíò. Ohùn tí kò sí níbẹ̀ ló ń gbọ́.

Nílé, aránṣọ kò lè sọ òótọ́ náà fún bàbá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i tí bàbá rẹ̀ kọ ojú sí ògiri kó tó gbé ife omi, kí ọmọ má baà rí ọwọ́ òun. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, kì í ṣe ọwọ́ yín. Ẹ̀rọ tí mo rà ni."

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n bí ẹni wo èrò tó ti ìrìn àjò dé.

"O jẹ́ kí n jókòó ti ọwọ́ mi bí ẹni jókòó ti òkú, ọmọ mi." Ó fa orí rẹ̀ mọ́ra. "Ta ló wádìí rẹ̀?"

"Onírédíò kan."

"Ṣé ó níyàwó?"

"Bàbá!"

"Mo kàn béèrè ni. Ṣé ìbéèrè náà já lulẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ lọ pe onírédíò, òun náà sì gbé bàálù wá bá wọn ní pápá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gidi. Bàálù gun òkè, ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì, ó ń gbọ́ràn. Bàbá ló ń tẹ rìmóòtù. Omi ojú ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Aránṣọ àti onírédíò dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mo bínú sí yín nítorí pé òótọ́ lẹ sọ," ni aránṣọ wí.

"Mo mọ̀. Èmi náà bínú sí òótọ́ ọ̀hún."

"N kò lè fi bàbá mi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mi, ilé wa ni yóò máa gbé. Wọ́n á sì ní ilé àna lẹ ń gbé."

"Kí wọ́n máa wí. Ó ti pẹ́ tí n kò ti ní ẹni tí yóò bi mí pé, 'Ṣé o ti dé?'"

Obìnrin náà fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀.

"Bẹ́ ẹ bá pẹ́ ńkọ́? Màá bi yín pé ibo lẹ lọ o."

"Máa bi mí," ó wí. "Lójoojúmọ́, máa bi mí."