Ìlà Pupa Tí Raheemah Pa Lẹ́nu Mọ́

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìlà pupa mẹ́tàdínlógún, àmì àṣìṣe, yọ lójú kọ̀ǹpútà Raheemah. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí ìdíje parí.

Ní gbọ̀ngàn Ìwó yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò mú lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo. Bàbá Raheemah sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "Bí wọn ò bá mú ọ, o di aránṣọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ ní Kuta nìyẹn."

Ètò tó kọ ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òbí ọmọ tó bá pa kéú jẹ. Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Sirajudeen, ti kọ́ ọ pé: "Kíláàsì inú ètò dà bí mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yọ búlọ́ọ̀kù. Irú ni àpèjúwe búlọ́ọ̀kù tó ń jáde. Má fọwọ́ kọ àpèjúwe yẹn o. Ní kí kọ̀ǹpútà yọ ọ́ láti ara kíláàsì. Bí kíláàsì bá yí, irú á bá a yí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Mo ti gbọ́, sà." Ṣùgbọ́n ìkánjú mú un, ó fọwọ́ dà á kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni adájọ́ ìdíje, Ìyáàfin Ọlájùmọ̀kẹ́, wá ní kí nọ́ńbà fóònù di ọ̀rọ̀ dípò iye, kí òdo iwájú rẹ̀ má baà sọnù. Raheemah tún kíláàsì ṣe, àmọ́ irú tó dà kọ kò yí. Ni pupa bá bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé iyán lò ń gún ni, tó o fi ń làágùn báyìí?" Peter, ọmọ iléèwé rẹ̀, ló ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Peter, jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀!"

"Ṣáà kọ 'irúkírú' síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà á gba ohunkóhun, kò ní bi ẹ́ léèrè mọ́."

Raheemah wá ìlà kan tí í yọ irú láti ara kíláàsì nínú orí rẹ̀, kò rí i. Kò kọ ọ́ rí. Ó kọ 'irúkírú.' Gbogbo pupa pòórá.

Nígbà tí àkókò pé, Ìyáàfin Ọlájùmọ̀kẹ́ tẹ nọ́ńbà ara wọn sínú ètò bí òbí ọmọ tó pa kéú jẹ. Òdo iwájú rẹ̀ ti fò lọ. Wọ́n dúró títí, fóònù wọn kò dún.

"Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà ò kìlọ̀ fún ẹ ni?"

Raheemah kúnlẹ̀. "Ó kìlọ̀, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Sirajudeen yẹ iṣẹ́ náà wò. "Mẹ́rìndínlógún nínú pupa yẹn, àdàkọ rẹ ló fà á. Ẹyọ kan ni àṣìṣe gidi: ibì kan ṣì ń sọ nọ́ńbà fóònù di iye. Òun náà lo pa lẹ́nu mọ́."

Ẹni tó bá pa olùkìlọ̀ lẹ́nu mọ́ kò tíì pa àṣìṣe. Hàbíbátù, tí wọ́n jọ díje, ni wọ́n mú lọ Òṣogbo. Lọ́jọ́ Ajé, Raheemah wọkọ̀ lọ sí Kuta. Wọn kò ṣe ìdíje náà mọ́ láti ìgbà yẹn.