Ọpẹ́ Tó Dá Ọmọ Aránṣọ Padà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi àtàtà! Ìwọ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o jókòó. Etí tó wà níta kì í gbọ́ ìtàn já.

Ọmọbìnrin kan, ọmọ aránṣọ, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì tí àwọn tí ogun lé ti ń tọrọ ààbò. Ogun ti jó ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ìyá náà kò sì jáde. Ẹni kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un láyé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, onígbàjámọ̀, tó ń gbé ní ìlú olówó tí ọ́fíìsì náà wà. Ẹ̀gbọ́n náà ń dúró dè é lẹ́nu géètì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ rìnrìn àjò, Ẹnu-Kò-Sinmi, sọ̀rọ̀ sí i létí. "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ibo lo gbà dé, sọ pé o sùn."

"Kí n sùn láti ilé dé ibí? Ṣé òkú ni mí ni?"

"Kú díẹ̀, jàre! Bó o bá wọlé tán, kó o jí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì pe ọmọ aránṣọ wọlé.

"Ìlú wo lo kọ́kọ́ dúró sí?" ni ọ̀gá ọ́fíìsì náà bi í.

Irọ́ dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

"Ìlú kan létí òkun ni, sà. Obìnrin kan níbẹ̀ fi aṣọ rẹ̀ bò mí, ó fún mi lóúnjẹ. Ọlọ́run á bá mi san án fún un."

"Wọ́n tọ́jú rẹ níbẹ̀?"

"Gan-an ni, sà!"

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Òfin wa ní ibi tí o bá ti kọ́kọ́ rí ààbò ni kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ. A máa dá ọ padà síbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì bi mí pé kí ló lé mi."

"Òfin ò ní kí n bi ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi wà ní géètì, sà. Òun ni bàbá mi báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe bàbá lójú òfin."

Nígbà tí ọkọ̀ gbé e jáde, onígbàjámọ̀ sáré tẹ̀ lé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Kí ló tún lè ṣe?

Ẹ ó ní ká ní ó purọ́ ni. Ẹnu-Kò-Sinmi purọ́! Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba àmì ìka ọwọ́ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ nílùú etí òkun, ẹ̀rọ ọ́fíìsì yìí sì dá a mọ̀; ọkọ̀ kan náà ló gbé àwọn méjèèjì padà.

Ẹ bá mi gbè é:
*Ilẹ̀kùn ò mọ olóòótọ́ o,*
*Ilẹ̀kùn ò mọ òpùrọ́,*
*Ẹni ogun lé dé,*
*Ta ni yóò ṣí i fún un?*

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ọpẹ́ ọmọ náà kò jẹ̀bi, òfin ló dití. Lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń kanlẹ̀kùn pé kí ló lé e, kí ẹ tó bi í pé ibo ló gbà.

Ó yá, ẹ wá bu oúnjẹ. A jẹ, a yó, a sì gba ilé lọ, àwa tí a ní ilé.